Kí Ni Wọ́n Fi Ra Ẹṣin Àkọ́kọ́ Nílé Wa?

Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kọ nǹkan síbí gbẹ̀yìn. Orúnkún ló ń dà mí láàmú, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tán nínú mi.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, a ṣe ìgbéyàwó kan nílé wa ní Ìlá Ọ̀ràngún. Nígbà tí ìyàwó kúnlẹ̀ fún àdúrà, àgbà obìnrin kan nínú àwọn ọmọ ilé wa dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì wá. Ó kì wá, ó kì wá, títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti máa ń pè wá ní ọmọ ẹlẹ́ṣin. Ibẹ̀ gan-an ni orí ti máa ń wú gbogbo wa. Èmi náà, tèmi tọ̀pá, mo dìde, mo jó díẹ̀, mo fún un lówó.

Bí mo ṣe padà jókòó, ọmọ ọmọ mi obìnrin kan fà mí láṣọ. Ọmọ ọdún 11 ni. Ó ní, "Bàbá àgbà, ta ló kọ́kọ́ ra ẹṣin nílé wa? Èló ni wọ́n rà á?"

Mo dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Ní ti ìkejì, mo ní kí ó lọ bá mi wá omi tútù. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ kí n tó rí i pé ohun tí ìyá bàbá mi ṣe fún mi ní nǹkan bí 65 ọdún sẹ́yìn náà ni mo ṣe fún ọmọ yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí.

Bí màmá àgbà ṣe máa ń sọ ìtàn náà nìyí. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló ra ẹṣin náà, kó tó di pé ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀. Ìlọrin ló ti rà á. Ẹṣin pupa ni, ó ní àmì funfun níwájú orí. Ọjọ́ tó mú un wọ ìlú, kò yà sílé rárá, ààfin Ọ̀ràngún ló kọ́kọ́ lọ, kí Kábíyèsí lè rí i. Àwọn ọmọdé sáré tẹ̀ lé e láti ẹnu odi ìlú. Ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo ni ẹṣin náà lò. Nígbà tí òjò rọ̀ dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ojú rẹ̀ ń ṣomi, kò jẹun mọ́, ó sì kú. Wọ́n gé ìrù rẹ̀, wọ́n fi ṣe ìrùkẹ̀rẹ̀.

Bí mo bá wá bi í pé, "Màmá, èló ni wọ́n rà á?", á ní, "Wọ́n ná nǹkan sí i." Lẹ́yìn náà, á rán mi níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ojú ọ̀nà tí mo mọ̀ jù, ìyẹn ọ̀nà ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, ẹ ó rántí pé mo máa ń sọ ní kíláàsì pé orúkọ tí a ń pe nǹkan sábà máa ń fi ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa hàn. Ràkúnmí dé láti ọwọ́ Hausa, orúkọ Hausa ló sì ń jẹ́ títí dòní. Àlùbọ́sà náà bẹ́ẹ̀. Ẹṣin ńkọ́? Hausa ń pè é ní doki. Tápà ń pè é ní doko, èyí tó jọ ti Hausa. Songhay, tí wọ́n ń gbé ní òkè odò Ọya lọ́hùn-ún, ń pè é ní bari. Ẹṣin tiwa kò jọ ìkankan nínú wọn. Àwọn Ẹ̀dó sì ni ọ̀rọ̀ tiwọn fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiwa dọ́gba. Ohun tí èyí ń sọ fún mi ni pé ẹranko náà kì í ṣe àlejò àná láàárín wa. Kí Gàmbàrí tó ń da ẹṣin tó mọ ọ̀nà Ìlọrin, a ti ń pe ẹṣin ní ẹṣin.

Ṣùgbọ́n ẹ wo gàárì. Hausa ń pe gàárì ní sirdi, nítorí náà kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn la ti yá a. Songhay ló ń pè é ní gaari. Onímọ̀ ará Jámánì kan, Stefan Reichmuth, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1988 lórí àwọn ọ̀rọ̀ Songhay tó wọ inú èdè Yorùbá, àpilẹ̀kọ tí mo ti fún ọ̀pọ̀ nínú yín kà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, tí orúkọ ẹranko jẹ́ tiwa, tí orúkọ ìjókòó orí rẹ̀ jẹ́ ti àjèjì, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ẹṣin ti wà lọ́dọ̀ wa kí àwọn oníṣòwò ará òkè odò Ọya tó kó gàárì àti ọnà ìgẹṣin tuntun dé. Èyí bá ohun tí Robin Law sọ mu nínú ìwé rẹ̀ lórí ẹṣin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó jáde ní 1980: pé àwọn ẹṣin kéékèèké tí a ń gùn láìsí gàárì ló kọ́kọ́ wà, kí àwọn ńláńlá tó dé pẹ̀lú gàárì àti irin ìtẹsẹ̀bọ̀.

Bí a bá ti mọ ẹṣin láti ìgbà pípẹ́ báyẹn, kí ló dé tí rírà rẹ̀ fi jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi kini? Ó yẹ kó ti pọ̀ nílẹ̀ bí ewúrẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ wà lára eṣinṣin kan, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tsetse. Ibi tí igbó bá ti dí, tí omi sì wà, ibẹ̀ ló fẹ́ràn. Bó bá gé ẹṣin jẹ, ó lè fi kòkòrò àrùn sí i lẹ́jẹ̀, ẹṣin náà á máa rù, á máa rẹ̀, títí yóò fi kú. Àwọn ẹṣin ńláńlá tó ti ilẹ̀ gbígbẹ wá ni kò lè fara dà á rárá. Ilẹ̀ Ìgbómìnà wà ní ibi tí ọ̀dàn àti igbó ti pàdé. Bí o bá ti Ìlọrin gba Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ọ̀mù-Àrán bọ̀ wá sí Ìlá, wàá rí i bí igi ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹṣin lè rìn ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àtigbé ibẹ̀ nígbà òjò ló le. Nítorí náà, ẹni tó ra ẹṣin ní ìlú wa kò ra ohun tó máa bí sí i fún un. Bó bá kú, àfi kó tún òmíràn rà. Ìgbà tí mo ka èyí nínú ìwé ni ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo tí màmá àgbà ń wí yé mi.

Ọ̀yọ́ Ilé, tó wà nínú ọ̀dàn gangan, ló rí ẹṣin lò jù nílẹ̀ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ nínú ẹṣin tó ń lò, rírà ló ń rà á láti ọwọ́ àwọn ará òkè, láti ilẹ̀ Tápà àti Ìbàrìbá. Ẹṣin ló gbé agbára rẹ̀ dé etí òkun. Ní 1726, àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ orí ẹṣin ya wọ Dàhòmì, wọ́n sì ṣẹ́gun ìbọn tí Dàhòmì gbójú lé. Síbẹ̀, bí òjò bá ti ń bọ̀, wọn kì í dúró pẹ́ lọ́hùn-ún. Wọ́n á kẹ́rù wọn, wọ́n á padà sílé.

Bí ogun bá sì ti wọ igbó tàbí ẹ̀bá odò, ẹṣin máa ń di ẹrù fún olówó rẹ̀. Ní nǹkan bí 1840, àwọn ará Ìlọrin gbé ẹṣin wọn dé Òṣogbo. Ìbàdàn já lù wọ́n lóru, ibẹ̀ sì ni agbára Ìlọrin láti wọ gúúsù ti dópin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, ó tún ṣẹlẹ̀ nítòsí Ìkìrun, ogun tí Ìlá wa fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìlá, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlọrin dojú kọ Ìbàdàn, Ìbàdàn sì borí. Àwọn tó ń sá lọ kó sínú odò Ọ̀tìn, ọ̀pọ̀ sì bómi lọ. Ìdí tí a fi ń pè é ní ogun Jálumi nìyẹn. Níwájú omi tó kún, ẹlẹ́ṣin àti ẹlẹ́sẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Kí wá ni bàbá wa fẹ́ fi ẹṣin ṣe? Iyì ni. Ẹ ò rí i lára igi? Ìlá ni ìlú àwọn Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére tí òkìkí wọn kàn dé òkè òkun. Ọ̀kan nínú wọn ni Lamidi Fákẹ́yẹ, tó ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, tó sì di olóògbé ní 2009. Ẹ wo ère ẹlẹ́ṣin tí àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Ìgbómìnà àti Èkìtì máa ń gbẹ́ sára òpó ààfin tàbí sórí Ẹ̀pà. Ẹṣin á kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ajá lọ. Ẹni tó gùn ún ló máa ń tóbi, ojú rẹ̀ ràn, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ kan, ìjánu lọ́wọ́ kejì. Agbẹ́gilére kò ṣèèṣì o. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹṣin la ń wò. Ohun tí ẹṣin sọ ènìyàn dà là ń wò.

Iyì yìí, kí ni owó rẹ̀? Níbí ni mo ti máa ń yà kúrò lọ́nà, ẹ jẹ́ kí n má yà lónìí.

Owó ẹyọ là ń ná nígbà náà. Ogójì ẹyọ la ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ kan tó ẹrù tí géńdé ọkùnrin ń rù tí ọrùn rẹ̀ ń wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọ̀kẹ́ bíi mélòó kan láti Ìlá lọ sí Ìlọrin, ìrìn ọjọ́ díẹ̀ nínú ìgbà ogun, á wá aláàárù, á bọ́ wọn, á tún wá ẹni tó máa ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn, owó mìíràn wà tí kò nílò aláàárù. Ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ó tiẹ̀ lè ru ẹrù fún ọ lọ́nà. Ènìyàn ni.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Alvise Cadamosto, ará Venice tó dé ilẹ̀ Senegal ní 1455, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ènìyàn 9 sí 14 ni wọ́n ń gbà lórí ẹṣin kan níbẹ̀. Leo Africanus, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1550, ní ọba Borno máa ń fi ènìyàn 15 sí 20 dípò ẹṣin kan. Bí ọba bá sì ti ra ẹṣin tán, orí ẹṣin náà ni yóò wà lọ kó àwọn tí yóò fi san owó rẹ̀. Ẹ rò ó wò. Ẹṣin ń ra ènìyàn, ènìyàn ń ra ẹṣin, bẹ́ẹ̀ ló ń yí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí n rán an létí ọmọ Yorùbá kan tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀. Ní 1821, ogun kó Òṣogùn. Wọ́n mú ọmọdékùnrin kan pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n dì wọ́n lókùn, wọ́n kó wọn lọ sí Ìséyìn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pín wọn. Ọmọdékùnrin náà bọ́ sọ́wọ́ olóyè kan, olóyè náà sì fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ya òun àti ìyá rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn. Wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n dá ọmọ padà. Ó tún rí ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó tún tà á síwájú, láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, wọ́n sì kó àwọn inú rẹ̀ lọ sí Sẹ̀ríà Lóònù.

Àjàyí ni ọmọ náà, ẹni tó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn ẹṣin yìí sínú lẹ́tà ní 1837. Ní 1843, ó tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, ìwé tí iṣẹ́ gbogbo àwa tí a fi èdè yìí jẹun dúró lé lórí. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ń ṣí ìwé yẹn àti àwọn tó tẹ̀ lé e, tí mo ń wá ọ̀rọ̀ nínú wọn. Ó pẹ́ kí ó tó dé ọkàn mi pé ẹni tó kọ́kọ́ jókòó to ọ̀rọ̀ wa lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ti díwọ̀n òun fúnra rẹ̀ mọ́ ẹṣin rí, ẹṣin tí kò tiẹ̀ dára.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ìlá. Ní 1974, mo wálé láti kí màmá àgbà. Ó ti darúgbó gan-an, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo tún bi í ní ìbéèrè náà, bóyá nítorí pé mo ti ń ka ìwé, mo rò pé mo ti tó ẹni tó ń gbọ́ ọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rán mi níṣẹ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Ọmọbìnrin kan ni. Ojú ogun ni wọ́n ti mú un wá. Ìyá ọkọ mi ló sọ fún mi. Ó ti lo ọdún méjì nínú ilé yìí. Ó mọ ẹ̀gúsí í ṣẹ́. Ó ti ń pe ìyá ọkọ mi ní ìyá."

Mo bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀. Ó ní ìyá ọkọ òun kò dárúkọ.

Ìtàn náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin náà bá bàbá wa lọ sí Ìlọrin, ẹṣin ló bá a bọ̀. Ẹṣin lo ẹ̀ẹ̀rùn kan. Nílé wa, a mọ àwọ̀ ẹṣin náà, a mọ àmì iwájú orí rẹ̀, a mọ ìgbà tó kú. A kò mọ orúkọ ọmọ náà.

Mo ti gbọ́ àwọn tó ń sọ pé kí a má fi ojú òní wo àná, pé gbogbo ayé ló ń ṣe é nígbà náà. Mo gbọ́. Òtítọ́ ni pé wọ́n ń kó àwa Ìgbómìnà náà lẹ́rú. Tápà kó wa, Ìlọrin kó wa, Ìbàdàn kó wa. Ó ṣeé ṣe kí àbúrò bàbá wa kan ti di owó ẹṣin ẹlòmíràn níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ màmá àgbà, ẹni àná ni. Òun kò kàwé, kò mọ ohun tó ń jẹ́ ojú òní. Síbẹ̀ ó rántí ọmọ tó ń pè é ní ìyá, ó sì sọ ọ́ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Màmá àgbà gbé e mọ́ra títí di 1974. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá dùn wọ́n, wọn ì bá ti sọ ọ́ ní gbangba bí wọ́n ṣe ń sọ àwọ̀ ẹṣin.

Ẹṣin ti kúrò ní Ìlá. Kẹ̀kẹ́ dé, ọkọ̀ dé, ọ̀kadà dé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kù. Bí a ṣe ń gun ẹṣin là ń gun kẹ̀kẹ́, tí a ń gun ọ̀kadà. Bí ọmọ bá ń ṣàṣejù, a ní kó kó ara rẹ̀ níjàánu, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà lè má rí ìjánu rí láyé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lóde òní, kó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde nígbà Ojúdé Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Ó dùn ún wò, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn àgbà sì ní ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ẹni tó wà lórí ẹṣin nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Nísinsìnyí, mo ń rò ó pé ọmọ ẹlẹ́ṣin náà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo pe ọmọ ọmọ mi lórí fóònù. Mo sọ fún un pé mo jẹ ẹ́ ní ìdáhùn kan. Mo sọ ọ́ fún un bí màmá àgbà ṣe sọ ọ́ fún mi, n kò bù mọ́ ọn, n kò bù kúrò. Ó dákẹ́. Ó wá bi mí pé, "Ṣé ìyá rẹ̀ wá a?" Ìbéèrè tí èmi kò rántí bi màmá àgbà nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà.

Bí wọ́n bá tún kì wá ní ọmọ ẹlẹ́ṣin, n ó dìde, orúnkún a sì dùn mí. Oríkì wa ni, n kò lè sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ àgbà obìnrin wa pé lẹ́yìn tó bá kì wá tán, kó jẹ́ kí n pe àwọn ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí n sọ ohun tí wọ́n fi ra ẹṣin náà fún wọn. Ó ní òun náà yóò jókòó gbọ́.

Ẹ̀yin náà, ẹ bi àwọn àgbà yín. Oríkì ilé kò wọ́n nílẹ̀ wa, ilẹ̀kẹ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹṣin ló kún inú rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi rà á. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ bu omi wá, ẹ lọ bù ú, kí ẹ sì padà wá jókòó.

Ó dìgbà kan ná.